Ilà Méjì Létí Aṣọ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kan àǹkárá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí lára ẹnikẹ́ni. Òkè àjà ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, ó gùn láti ibi tí mo dúró títí dé ibi tí ojú mi kò ká mọ́, omi aró ń kán láti etí rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Mo lanu, mi ò lè pa á dé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yẹn, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Mansẹ́sítà, àwọ̀ eérú ni gbogbo nǹkan tí mo ń rí: ilé, ojú ọ̀run, kóòtù lára àwọn èèyàn, títí kan ẹyẹlé. Àfi bí mo ṣe wọ fakitírì tí mo bá ẹyẹ pupa, òdòdó tó ń tàn yòò, àti irú aṣọ aláró tí ìyá mi máa ń fi ṣíwájú àtẹ rẹ̀ lọ́jà Lánlátẹ̀.

"Ta ló ń wọ̀ ọ́ níbí?" mo bi obìnrin tó ń mú mi kiri.

"Níbí kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ níbí, olólùfẹ́ mi. Áfíríkà ló ń lọ." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. "Àbí ọ̀dọ̀ yín ni?"

Ẹ́dínà lorúkọ rẹ̀. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n ní kí n máa pè é, ó sì pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á. Ní ti "olólùfẹ́ mi" yẹn, ó kọ mí lóminú díẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì pe ọkọ mi náà bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn níbẹ̀ nìyẹn. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nílé ìwé girama ní Èrúwà o, èmi ni tíṣà wa máa ń ní kó dìde kàwé fún kíláàsì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé lọ yẹn kò bá ìyekan rẹ̀ kankan pàdé nílùú náà. Bí ẹni ń jẹ ìrèké ni wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ jẹ.

Iṣẹ́ yíyẹ aṣọ wò ni wọ́n fún mi. Aṣọ á máa gba orí tábìlì kọjá, àwa obìnrin á máa wò ó bóyá ó lu, bóyá òdòdó kan fò. Lẹ́yìn náà a ó fi àkísà funfun tó tutù ra á lójú. Bí àkísà bá funfun bó ṣe wà, aṣọ yá. Bí ó bá mú àwọ̀, aṣọ ń padà síbi ìfọṣọ. Ìyá mi kò rí fakitírì rí, bẹ́ẹ̀ náà ni òun náà ń ṣe ní Gbági kó tó rajà: á pọ́n etí gèlè rẹ̀ lá, á fi ra aṣọ, ẹni tó ń tajà á máa bínú.

Tí aṣọ bá yege, a ó tẹ òǹtẹ̀ sí etí rẹ̀. Olúkúlùkù ló ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ tó ní nọ́ńbà lójú, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí bí aṣọ bá lálèébù. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni tèmi, igi méjì tó dúró ṣánṣán síra wọn. Fọ́máànù tó ń darí wa sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń kìlọ̀. Èmi kò gbọ́ ọ bí ìkìlọ̀. Nílé wa, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn ń ṣe, kódà bí ó bá sọnù dé ọjà ẹlòmíràn. Mo wo igi méjì yẹn, mo rò ó pé pélé rèé, ó kù ẹyọ kan péré.

Mo kọ̀wé sí ìyá mi. Bùrọ̀dá Ràfíù, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Ìdèrè, ló máa ń bá a kà á. Mo ní: "Ìyá, bí ẹ bá rí ilà méjì létí aṣọ, ọwọ́ mi ti kàn án."

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Yàrá kan ni èmi àti Bàbá Sìdí ń gbé. Ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, ó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin lálẹ́. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń pàdé, bí ẹni ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: ó ń wọlé, mo ń jáde. Ọmọ wa Sìdí wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Lánlátẹ̀. Mo já a lẹ́nu ọmú ni mo lọ. Ọmú mi kò gbọ́ pé mo ti lọ. Nígbà tí mo bá gbọ́ igbe ọmọ aládùúgbò, á tún máa sun.

Nítorí náà, nígbà tí Ẹ́dínà ní kí n wá máa lo tẹlifóònù ilé òun, mi ò ṣe ìtìjú. Ìyá mi máa ń lọ ra aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, yóò sì gba pósí-ọ́fíìsì kọjá. A dá ọjọ́ nínú lẹ́tà. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù bá mi pe ibẹ̀, mo jókòó ti tẹlifóònù Ẹ́dínà láti àárọ̀, àfi gbẹ̀ẹ́ tó dún pé wọ́n ti rí ìyá mi.

"Hẹ̀lóò! Ìyá Sìdí! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ káàsán o." Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí ẹní ilé Ẹ́dínà. Ó sáré gbé àga wá, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi.

"Má pariwo mọ́ mi, mò ń gbọ́. Mo rí i o! Mo rí ilà méjì!"

"Ẹ rí i?"

"Ní Gbági níbí. Mo ní kí Alájà tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì. Ó ní ṣé aṣọ ni mo fẹ́ rà àbí nǹkan mi ló sọnù síbẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni mò ń wá."

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

"Gbogbo Lánlátẹ̀ ló ti gbọ́," ni ìyá mi ń bá a lọ. "Wọ́n ń ti ìlú Tápà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá bi mí pé aṣọ ọmọ mi dà. Ṣé o mọ Sàlámọ̀ tó pàtẹ tì mí? Olè yẹn ti fi èédú fa ilà méjì sí tiẹ̀! Mo fi itọ́ pa á lójú gbogbo ọjà, ó parẹ́. Mo ní, 'Sàlámọ̀, ọmọ tìẹ náà ńkọ́, ibi ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́ ni?'"

"Ìyá, ẹ má bá wọn jà nítorí mi."

"Ta ló ń jà? Sìdí, wá bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀."

Èémí kékeré kan ni mo gbọ́. Mo pè é, mo kì í, mo tún pè é. Èémí nìkan.

"Ó ń yẹ ìdí tẹlifóònù wò," ni ìyá mi wí. "Ó ní báwo ni o ṣe há síbẹ̀."

*

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò yẹ aṣọ wò bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí òǹtẹ̀ mi bá ti balẹ̀, mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ èyí ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Lífápù, tí yóò gúnlẹ̀ sí Apápá, tí lọ́rì yóò gbé e dé Ìbàdàn, tí ìyá mi yóò dì í sórí mọ́tò ẹlẹ́rù lọ sí Lánlátẹ̀. Èrè rẹ̀ ni yóò ra mílíìkì fún ọmọ mi. Nínú gbogbo àwọn tí aṣọ náà gba ọwọ́ wọn kọjá, èmi nìkan ni mo mọ ibi tó ń lọ.

Ìyá àgbà mi gbin òwú lọ́nà oko Ìdèrè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn tó ń rà á á gbé lọ́rì wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́nú àpò, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé òwú ta ni. Mo máa ń rò ó lórí ìdúró nídìí tábìlì yẹn pé bóyá òwú oko wa kan ti gba ibẹ̀ kọjá rí, tó jáde nílé bí ọmọ, tó padà wálé bí àlejò, tí a sì ń sanwó kó tó bá wa sùn.

Odò kan ń ṣàn lẹ́yìn fakitírì. Lọ́jọ́ kan á pupa, lọ́jọ́ kejì á dúdú bí aró, ìdí ni pé ibẹ̀ ni omi ìfọṣọ ń dà sí. Ẹ́dínà ní bàbá òun lúwẹ̀ẹ́ nínú odò náà lọ́mọdé. Nígbà tiwa, pẹ́pẹ́yẹ pàápàá kò bà síbẹ̀. Mo rántí odò Ọ̀fíkì, bí a ṣe ń rí ìka ẹsẹ̀ wa nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ tí à ń wọ̀ lọ sí Tápà tí wọ́n ń yìn wá, odò ẹlòmíràn ló ń mu ìdọ̀tí rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti wọ àǹkárá láti kékeré, mi ò bi í rí pé níbo lo ti wẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú náà ní adùn tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán, mo mú àjákù aṣọ kan, mo ró o fún Ẹ́dínà bí ìró, mo fi èyí tó kù wé gèlè fún un. Ó rìn láti ìdí ẹ̀rọ dé ìdí ẹ̀rọ, ó ń ju ìdí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, àwọn ọkùnrin ń súfèé. Ìró bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin yẹn ti ń ṣe aṣọ yìí láti ìgbà ọmọdébìnrin rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kàn án lára nìyẹn. Ó ní, "Ó fẹ́lẹ́, ó sì móoru." Ó jókòó, kò tètè tú u.

*

Nígbà tó yá, ìròyìn ń dé pé wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ aṣọ sí i nílé, àti pé ìjọba fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ aṣọ òkèèrè.

"Bí àwọn èèyàn rẹ bá ń ṣe tiwọn," ni Ẹ́dínà wí, "kí la máa jẹ níbí?"

"Ohun tí àwa náà ti ń jẹ látọjọ́ tí ẹ ti ń ṣe é fún wa."

Ó fi àkísà nà mí lẹ́yìn, a jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú mi pín sí méjì. Orí mi ń wú pé ilé wa ń ṣe tirẹ̀, mo tún ń wo tábìlì mi, ẹ̀rù ń bà mí.

Ní àsìkò yẹn ni ẹrù ńlá kan dé, tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wọ Nàìjíríà kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọkọ̀ ti ń dúró ní Lífápù. Bí ẹni pé ayé ń ṣe wọ́n, ẹ̀rọ tó ń se omi ìfọṣọ dákú. Fakitírì kò dúró. Omi tútù ni wọ́n fi ṣan aṣọ náà, wọ́n sá a, wọ́n gbé e wá fún wa.

Mo fi àkísà ra èyí àkọ́kọ́. Àkísà di aró. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ra èkejì, aró. Kí n tó gbójú sókè, òkìtì aṣọ ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fọ́máànù sì ti dúró lé mi lórí.

"Tẹ òǹtẹ̀ sí i."

"Àwọ̀ ń kúrò, sà."

"Mo lójú. Ọkọ̀ kì í dúró de èèyàn."

"Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ tí òjò bá pa wọ́n, yóò ṣí sí wọn lára."

"Áfíríkà ló ń lọ, olólùfẹ́ mi. Oòrùn ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Wọn ò ní mọ̀."

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. "Áfíríkà tí ẹ ń wí yẹn, ìyá mi ni. Lánlátẹ̀ ló ń gbé. Yóò mọ̀."

Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn, ó sì mọ̀ pé bí ẹrù yẹn bá ṣẹ́yìn, òun náà ni wọn yóò ní kó lé òṣìṣẹ́ kúrò. Ó na ọwọ́. "Ó dáa. Gbé òǹtẹ̀ rẹ wá, èmi á tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Ó fẹ́ fi ilà mi sójú aṣọ tí kì í ṣe ọmọ mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo òǹtẹ̀, mo ṣe ohun tí ìyá mi máa ń ṣe sí owó rẹ̀ lójú ọjà: mo tì í bọ àyà mi, mo tì í wọlé pátápátá sínú kọ́mú, mo wá káwọ́ gbera.

Ọkùnrin náà pọ́n láti ọrùn dé etí. Ó wo òkè àjà. Ẹnì kan kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra lẹ́yìn, bí gbogbo wọn ṣe bú sí i nìyẹn. "Ẹ lọ mú un, ọ̀gá!" "Ẹ bọ ìbọ̀wọ́ o!" Ó yí padà, ó lọ.

Àwọn mìíràn ló tẹ òǹtẹ̀ sí aṣọ náà. Ẹ́dínà wà nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò lè fi iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn ṣeré. Kò wo ojú mi. Nígbà oúnjẹ, ó bu ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ síwájú mi, mo sì jẹ ẹ́. Èmi mọ ohun tí ilé ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹrù ti lọ, mo dá òǹtẹ̀ padà sí ọ́fíìsì. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n máa lọ síbi ìfọṣọ.

*

Ibi ìfọṣọ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi orúkọ rẹ̀ sí. Bàtà rọ́bà, ooru omi gbígbóná, èéfín tí kì í jẹ́ kí a rí ara wa. Àwọ̀ ń wọ inú èékánná, kì í jáde. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ omi ṣe, ilẹ̀kùn Nàìjíríà kò tíì tì, mo sì sọ fún ara mi pé aṣọ kankan kò ní gba iwájú mi kọjá láìmọ́. Mo ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun: mo ń fi omi kejì, mo ń fi ẹ̀kẹta. Àwọn obìnrin ìdí tábìlì kì í dá aṣọ tí mo fọ̀ padà. Fọ́máànù mọ̀ ọ́n, kò wí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ sí ìyá mi. Obìnrin tó ti fi mí yangàn dé Tápà, báwo ni n óò ṣe sọ fún un pé inú omi ìfọṣọ ni mo wà báyìí? Mo ń kọ̀wé pé ara mi le, mo ń béèrè Sìdí.

Àfi ọjọ́ kan tí Ẹ́dínà sáré wá bá mi nínú èéfín pé àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù pe ilé òun: wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn lọ́la. Èmi ni mo máa ń pe ilé. Ilé kò pè mí rí. Orúkọ ọmọ mi nìkan ló wà lẹ́nu mi títí tẹlifóònù fi dún lọ́jọ́ kejì.

"Ìyá Sìdí! Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, Ìyá! Sìdí ńkọ́?"

"Sìdí ń jẹ mọ́ínmọ́ín níbí. Ìwọ ni mò ń bi! Mo tú bẹ́ẹ̀lì títí Alájà fi lé mi síta. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí ilà méjì kankan. Ràfíù ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o ń kọ̀wé. Mo ní ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé."

Mo kúnlẹ̀.

"Aṣọ kan wọlé tó pọ̀ jaburata," ni ìyá mi wí. "Àǹkárá aláró tiwa gan-an, owó pọ́ọ́kú. Sàlámọ̀ rà, gbogbo wọn rà. Mo wo etí rẹ̀, kò ní ilà méjì. Mo ní mi ò rà. Wọ́n ní ìyá aláṣọ ti ya wèrè. Àtẹ mi gbẹ, Ìyá Sìdí. Ata ni mò ń tà látìgbà yẹn. Ó wá di ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. A ti to ẹsẹ̀ ìrun ní yídì, òjò dé. Áà! Kí lèèmọ́mù tó sálámà, ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ti di aró! Aṣọ funfun lára àwọn ọmọ di aró! Ẹni tó forí kanlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ di aró!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. "Wọ́n wá bá mi pé ṣé aṣọ ọmọ mi rèé. Mo ní kí wọ́n fi etí rẹ̀ hàn mí. Mo ní, 'Ẹ wò ó, kò nílà. Ẹ lọ bi í léèrè ọmọ ta ni.' Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni ẹ̀rù tó bà mí. Bí kì í bá ṣe ìwọ lo ṣe é, ìwọ dà?"

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àkísà, fọ́máànù, àyà mi. Nígbà tí mo dé ibi àyà, ó pariwo, "O tì í bọ ibẹ̀? Lójú òyìnbó?" Mo sọ ti ibi ìfọṣọ pẹ̀lú.

"Nítorí mi ni wọ́n fi gba ilà lọ́wọ́ rẹ."

"Wọn ò gbà á, Ìyá. Èmi ni mo gbé e pamọ́ fún wọn."

Ọkùnrin kan dá sí ọ̀rọ̀ wa láti inú wáyà pé àkókò ti fẹ́ẹ́ tán.

"Báwo wá ni mo ṣe máa mọ èyí tí ọwọ́ rẹ kàn?"

"Ẹ bu omi sí i, Ìyá. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúró, èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Ó ti gbé tẹlifóònù kúrò létí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè nínú pósí-ọ́fíìsì yẹn, ohùn tí ó fi ń polówó ọjà: "Ìwọ aláǹkárá tó tò sẹ́yìn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ! Aṣọ ara rẹ yẹn, ṣé ó ń ṣí? Kì í ṣí? Ọmọ mi ló fọ̀ ọ́! Wá kí i!" Ẹsẹ̀ ń bọ̀, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ti ń bi tẹlifóònù pé ṣé àlàáfíà ni mo wà.